Ohùn Ará Ìlú nínú Ètò Ìrìnnà ní Awóyè

Awóyè jẹ́ ìlú apẹja ní etí òkun Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Omi ni títì ibẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Láti ilé kan sí èkejì, afárá pákó ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, ètò ìrìnnà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ èbúté ni, ọ̀rọ̀ afárá, jíjìn omi, owó epo àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Kánààlì méjì ni ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí a gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ọ̀kan wà ní Ayétòrò, ní Ìlàjẹ bákan náà, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n la irà já láti so ìlú wọn pọ̀ mọ́ odò tí ó wà láàárín ilẹ̀, wọ́n kan ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà. Ẹni tí yóò gbà á kọjá ni ó wà nídìí rẹ̀.

Èkejì ni ti Awóyè. Àwọn iléeṣẹ́ epo ni wọ́n gbẹ́ ẹ kí ẹ̀rọ wọn lè rí ọ̀nà kọjá. Nígbà tí ojú rẹ̀ sì ṣí sí òkun, omi iyọ̀ ya wọ inú irà. Ẹja omi dídùn kú, omi mímu bàjẹ́, ìgbì òkun sì ń jẹ etí ilẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi ń kó ilé wọn sẹ́yìn. Ẹni tí ó ti ń dẹ àwọ̀n sí odò yẹn láti kékeré mọ ibi tí omi òkun dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti tó.

Ìbínú lórí irú ìbàjẹ́ yìí wà lára ohun tí ó gbé àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sórí pèpéle ìwapo Parabe ti iléeṣẹ́ epo Chevron ní oṣù Karùn-ún 1998. Àwọn ológun dé ní ọjọ́ 28. Wọ́n yìnbọn, ọ̀dọ́ méjì sì kú. Wọ́n pe Chevron lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́-ará-ìlú sì dá iléeṣẹ́ náà láre ní 2008.

Òfin ti ń sọ pé kí a béèrè. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti 1992 fún ará ìlú láyè láti sọ èrò wọn kí ìpinnu tó wáyé. Ní 2005, Chevron bá àwọn ìlú agbègbè ṣe àdéhùn tí ó gbé yíyan iṣẹ́ lé ìgbìmọ̀ wọn lọ́wọ́. Ìlàjẹ náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Òfin Iléeṣẹ́ Epo Rọ̀bì ti 2021 ní kí iléeṣẹ́ máa yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ná ṣiṣẹ́ lọ́dún tí ó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè ìlú, kí a sì bi àwọn ará ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n nílò kí a tó ṣètò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ní ìpele. Ní 1969, Sherry Arnstein ará Amẹ́ríkà fi í wé àkàbà onípele mẹ́jọ: ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kàn ń tan ará ìlú jẹ, lókè, ọwọ́ ará ìlú ni àṣẹ wà. Kí àwọn aláṣẹ pe olóyè mẹ́ta sí gbọ̀ngàn ní Igbókọ̀dá kò gòkè tó rárá. Awakọ̀ ni ó mọ ibi tí iyanrìn ti ń ga sókè lábẹ́ omi nígbà tí omi bá fà. Obìnrin tí ń yan ẹja, tí ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà, ni ó mọ bí èbúté ṣe yẹ kí ó lọ sílẹ̀ tó. Agbẹ̀bí mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí aboyún bá ń rọbí lóru tí kò sí ọkọ̀. Ilé wọn ni ó yẹ kí a ti bá wọn, ní èdè Ìlàjẹ, ní ọjọ́ tí àwọn apẹja kò lọ sókun. Nítorí pé òkun kò dúró lójú kan, èbúté tí a fẹnu kò lé lórí lónìí lè wà lábẹ́ omi lọ́la. A ní láti padà lọ bi wọ́n.