Afọ́jú Òǹtajà àti Ìdánwò Ìwà Nínú Eré Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Origin Systems ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé eré kọ̀ǹpútà kan jáde tí a ń pè ní Ultima IV. Richard Garriott ni ó ṣe é. Kí ó tó di ìgbà náà, ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè kò ju pé kí eléré gbé àwọ̀ akọni wọ̀, kí ó pa ọ̀tá, kí ó sì kó ìṣúra. Bí ó bá ja ará ìlú lólè, ìyẹn kò ní kí ó má ṣẹ́gun. Garriott fúnra rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà àwọn òbí tí ó rí ibi nínú àwọn eré náà wà lára ohun tí ó mú un tún inú rò.

Nínú eré tuntun yìí, kò sí olórí ọ̀tá kan tí a ní láti pa ní ìgbẹ̀yìn. Ìwà ni a ń wá. Mẹ́jọ ni ìwà náà, òtítọ́, àánú àti ìrẹ̀lẹ̀ sì wà lára wọn. Ojú ọ̀nà ni a ti ń dán eléré wò, nínú ohun kéékèèké tí ẹlòmíràn lè kọjá lára rẹ̀ láìbìkítà: alágbe tí ń tọrọ owó, oníṣègùn tí ń bẹ akọni pé kí ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti obìnrin afọ́jú tí ń ta egbòogi. Òun ni yóò dá iye lé ọjà, ṣùgbọ́n akọni ni yóò ka owó sílẹ̀. Bí ó bá san díẹ̀ nínú rẹ̀, afọ́jú kò ní mọ̀. Yóò gba owó, yóò sì kó ọjà fún un. Kò sí ẹni tí yóò pariwo olè. Síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ti ṣírò rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó di ìgbà tí eléré bá lọ bi Hawkwind aríran léèrè ní ààfin kí ó tó mọ bí ìwà òun ti rí.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò fi ìṣirò náà pamọ́ mọ́. Nínú Knights of the Old Republic, tí BioWare ti ilẹ̀ Kánádà ṣe ní 2003, akọni lè rí oògùn àrùn búburú kan. Ó lè gbé e fún dókítà tí yóò fi wo aláìsàn. Ó sì lè tà á fún ọ̀gá ọ̀daràn tí yóò fi í pa owó. Kíá ni eré náà yóò sọ fún un bóyá ìmọ́lẹ̀ ni ó sún mọ́ tàbí òkùnkùn. Níhìn-ín ni àléébù wà. Ẹni tí ó ń wo òǹkà bí ó ti ń ṣoore, ọjà ni ó ń ná.

The Witcher, tí wọ́n ṣe ní Pólàǹdì ní 2007, gba ọ̀nà mìíràn. Akọni a máa ṣọ́ àpótí oníṣòwò kan létí odò. Àwọn ajàjàgbara a wá gbà á, a sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ parí, lójú eléré. Ohun ìjà ni ó wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó pa ọkùnrin kan tí akọni fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, eré ọ̀pọ̀ wákàtí sì ti kọjá nígbà náà tí kò ní wu ẹnikẹ́ni láti padà lọ tún ṣe.