Ta Ni Yóò Bá Wa Kọ́lé Lórí Omi?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi náà ní, ilé tí oníṣẹ́ ti kọ́ ni ó yẹ kí á wò kí á tó pè é ní ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yíyan ẹni tí yóò bá ni kọ́lé, tàbí tí yóò bá ni tún ilé ṣe, ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ìtàn etí òkun wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kún fún un, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì kan ẹni tí ń kọ́lé ní Ìbàdàn bí ó ti kan ẹni tí ń kọ́lé ní Ugbónlá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ wa ti rí, nítorí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ kò lè mọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Bí ẹ bá kúrò ní Òkìtìpupa tí ẹ dé Ìgbókọ̀dá, ilẹ̀ líle ń parí lọ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé yín lọ sí etí òkun. Etí òkun náà kò dà bí ti Èkó tí iyanrìn tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Láti sàkání Ayétòrò títí lọ sí ìhà ẹnu odò Benin, ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Òkun ń kún, ó sì ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Orí òpó ni ilé ń dúró sí, òpó náà sì gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrẹ̀ lọ jìnnà, nítorí kò sí àpáta nísàlẹ̀ tí yóò gbé e. Bí ẹrẹ̀ bá ti fún un mọ́ra tó ni agbára rẹ̀ mọ. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ páànù. Kòkòrò kan sì wà nínú omi iyọ̀ tí ń lu igi láti inú: ojú igi yóò máa dán, inú rẹ̀ yóò ti dà bí afárá oyin.

Igi pàápàá ju igi lọ. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ a máa pẹ́ nínú omi, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe òpó èbúté ọkọ̀. Àfàrà rọ̀ láti rẹ́, ó rọ̀ láti kàn, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n inú ilé ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rì í mọ́ ẹrẹ̀ ń sin owó rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá ti fi ọ̀dà dúdú kun àwọn méjèèjì, ta ni yóò mọ èyí yàtọ̀ sí èyí? Ọ̀gá nìkan ni ó mọ̀. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: ohun tí a kò lè rí ni à ń san owó lé lórí.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é? Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn àna, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a wá, oúnjẹ àti ọtí a sì wà nílẹ̀. Bí ilé náà bá wó, gbogbo abúlé ni yóò mọ ẹni tí ó rì òpó tí ó kọ́kọ́ yẹ̀. Ọ̀la ni òun náà yóò sì bẹ ọ̀wẹ̀ tirẹ̀, ojú yóò ti í. Ìtìjú yìí ni onígbọ̀wọ́ wọn.

Ní ọdún 1947 ni ohun kan ṣẹlẹ̀ ní etí òkun yìí tí ayé ṣì ń sọ. Àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí àwọn ará abúlé wọn ń ṣe inúnibíni sí, kó ara wọn jọ, wọ́n tẹ ìlú kan dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun, wọ́n sọ ọ́ ní Ayétòrò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fohùn ṣọ̀kan pé ohun gbogbo yóò jẹ́ ti gbogbo wọn: kò sí owó oṣù, kò sí ọjà tèmi tìrẹ. Wọ́n pín ara wọn sí ẹ̀ka iṣẹ́. Àwọn kan ń pẹja, àwọn kan ń kan ọkọ̀, àwọn kan ń hun aṣọ, àwọn kan ń rán bàtà, àwọn kan ń ṣe búrẹ́dì; àwọn káfíńtà wọn sì kọ́ ilé pákó sórí òpó, wọ́n fi pákó tẹ́ títì gbọọrọ láti ilé dé ilé, tí ènìyàn lè rìn já ìlú láìfi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn àlejò ti ọ̀nà jínjìn wá wò wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Stanley Barrett tí ó kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1977 béèrè ìdí tí ìlú yìí fi lọ síwájú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn abúlé tí ó múlé gbè é kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àjùmọ̀ṣe wọn ni ó gbé wọn ga.

Èmi fẹ́ kí ẹ wo apá kan nínú àjùmọ̀ṣe yẹn. Káfíńtà Ayétòrò kì í gba iṣẹ́ kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Abẹ́ òrùlé tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ni ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Orí pákó tí wọ́n tẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ń sáré lé. Kí ni yóò jèrè bí ó bá fi igi jíjẹrà rọ́pò igi gidi? Kò sí owó tí yóò bọ́ sí i lápò. Ewu nìkan ni yóò kàn án.

Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ayétòrò bẹ̀rẹ̀ sí í gba olúkúlùkù láyè láti ṣòwò tirẹ̀, owó sì wọ àárín. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá náà ni owó ti gba ipò ọ̀wẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí a kò mọ baba rẹ̀ ni ó ń kọ́lé fún wa, a sì níláti wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò ìtìjú àtijọ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ilé ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, òkè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Baba àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò tí ó máa ń kan ọkọ̀, ó dárúkọ owó, mo ní ó ti pọ̀ jù. Baba wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, omi kì í bá ni ná ọjà o.” Mo rò pé ìpolówó ni. Mo wá káfíńtà kan láti òkè, ẹnu rẹ̀ dùn, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Mo san gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó kan ìṣó kan. Ọ̀dà dúdú ni ó fi kun òpó, ó dán gbinrin. Òjò ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò tíì dá tí ìyá mi fi ránṣẹ́ pé, “Sọ fún Tíṣà pé ilé ń mì bí mo bá dìde.” Nígbà tí mo dé, mo fi ọ̀bẹ gún òpó kan, ọ̀bẹ wọlé bí ìgbà tí ó wọ ẹ̀kọ. Àfàrà ni. Ọlọ́run ni ó yọ ìyá mi. Baba tí ó ń kan ọkọ̀ náà ni ó tún ilé ọ̀hún ṣe, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni í sá.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ìdí tí ẹni tí ń kan ọkọ̀ fi yẹ ní gbígbọ́. Ilé lè purọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ kò lè purọ́ fún wákàtí kan. Bí ó bá jò, ọjọ́ tí a sọ ọ́ sómi náà ni gbogbo ayé rí i.

Ẹ tún wo Èkó. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́sáláṣí tí Mohammed Shitta, ọlọ́jà ńlá nì tí a mọ̀ sí Shitta-Bey, fi owó rẹ̀ kọ́. Ta ni ó gbé iṣẹ́ náà fún? João Baptista da Costa ni, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá. Mùsùlùmí gbé ilé Ọlọ́run rẹ̀ lé Àgùdà lọ́wọ́, nítorí pé ọwọ́ àwọn Àgùdà mọ bíríkì àti igi, Èkó sì ti rí iṣẹ́ wọn. Sanusi Aka, ọmọ Yorùbá, ni ó bá a ṣiṣẹ́ náà. Mọ́sáláṣí ọ̀hún ṣì dúró títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni kí á máa béèrè: ta ni ó kọ́ ọ níṣẹ́? Ọ̀dọ̀ ta ni o ti gba ìyọ̀ǹda?

Ìbẹ̀rù oníṣẹ́ búburú kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ó lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn tí Hammurabi ọba Bábílónì gbẹ́ òfin sára òkúta pé, bí ilé bá wó tí ó pa onílé, pípa ni kí wọ́n pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí ògiri bá sì tẹ̀, owó ara rẹ̀ ni yóò fi tún un ṣe. Òfin líle ni, a kò sì bẹ̀bẹ̀ fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọba mọ̀ pé onílé kò lè rí inú ògiri.

Ohun tí ó dun ni jù ni pé ìlú odindi lè bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ bí ilé ìyá mi ti bọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ayétòrò. Ní ọdún 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ jáde láti dáàbò bo etíkun náà. Ọdún gorí ọdún, iṣẹ́ ti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ògiri kò dìde. Òkun kò dúró dè wọ́n. Ó kó ilé, ó kó ilé ìwé, ó kó títì pákó, ó dé ibi tí wọ́n sin àwọn òkú sí. Ìlú tí ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wá ń retí ọwọ́ àjèjì tí kò dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ gbọ́. Ẹ má wo ilé tí oníṣẹ́ parí lánàá. Ẹ lọ wo èyí tí ó ti rí òjò márùn-ún, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, irú igi, iye òpó àti bí yóò ti wọlẹ̀ tó, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ pín owó ní ìpele: díẹ̀ nígbà tí igi bá dé, díẹ̀ nígbà tí òpó bá wọlẹ̀, kí ìyókù dúró di ọjọ́ tí ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀dà kun igi. Bí ó bá jẹ́ kọnkéré ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi omi iyọ̀ pò ó, nítorí irin inú rẹ̀ yóò dípẹtà, yóò wú, yóò sì la kọnkéré náà. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ rere, ẹ sanwó rẹ̀ pé, ẹ má fi ọ̀la dá a lóhùn. Onílé tí kì í sanwó ni ó ń sọ oníṣẹ́ rere di oníjìbìtì.

Baba tí ó ń kan ọkọ̀ ti lọ sí ibi àgbà ń rè. Òpó ọ̀pẹ̀pẹ̀ tí ó rì ṣì wà lábẹ́ ilé ìyá mi. Bí omi bá kún lóru, a kì í dìde wò ó mọ́.