Awò ojú tó ń ya fọ́tò: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fi sójú jáde

Bẹ́ ẹ bá rí i lójú ẹnì kan, awò oòrùn lásán lẹ máa pè é. Apá rẹ̀ tó ń lọ sẹ́yìn etí kàn nípọn díẹ̀ ni. Àmọ́ kámẹ́rà wà ní igun rẹ̀ kan níwájú, sípíkà wà nítòsí etí, máìkì kéékèèké márùn-ún sì wà lára rẹ̀.

Ray-Ban Meta lorúkọ ẹ̀. Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, WhatsApp àti Instagram, ló pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú EssilorLuxottica, tó ni Ray-Ban, láti ṣe é. Ní oṣù Kejì 2025, EssilorLuxottica ní àwọn ti ta mílíọ̀nù 2 láti oṣù Kẹwàá 2023 tó ti dọ́jà. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tó wúlò fún, àti ibi tó ti lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Rárá o. Google ti gbé Google Glass jáde lọ́dún 2013, 1,500 dọ́là ni. Ó wọ́n, ó rí bí ẹ̀rọ lójú èèyàn, àwọn tó ń rí i sì ń bẹ̀rù pé wọ́n ń ká àwọn sílẹ̀. Ní oṣù Kínní 2015, Google dáwọ́ títà á fún aráàlú dúró. Snapchat gbé Spectacles tiẹ̀ jáde ní 2016, Ray-Ban Stories sì dé ní oṣù Kẹsàn-án 2021. Ray-Ban Meta ti 2023 bẹ̀rẹ̀ láti 299 dọ́là. Èyí tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2025 bẹ̀rẹ̀ láti 379 dọ́là.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Google Glass, èèyàn á ti rí i látòkèèrè. Eléyìí jọ awò tí gbogbo ayé ń lò. Ohun tó jẹ́ kó tà yìí náà ni kì í jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú yín mọ̀ pé kámẹ́rà wà lójú yín.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Fọ́tò àti fídíò: Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lórí apá ọ̀tún rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹnu pàṣẹ fún un. Kámẹ́rà ti 2023 jẹ́ megapixel 12, àyè ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 32GB. Ẹ tún lè fi ṣe láìfù lórí Instagram àti Facebook.

Orin àti ìpè: Sípíkà rẹ̀ kì í dí etí. Ẹ ó máa gbọ́ orin, ẹ ó sì máa gbọ́ fèrè mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yí i sókè jù, ẹni tó jókòó tì yín náà á gbọ́ ọ.

Fóònù: Kò lè dá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ mọ́ áàpù Meta lórí fóònù yín.

Bátìrì: Wákàtí 4 ni Meta sọ fún ti 2023, wákàtí 8 fún ti 2025. Àpótí ẹ̀ ló ń ṣájì í. Ó lè fara da òjò wínníwínní, àmọ́ ẹ má gbé e wọnú odò.

Meta AI: Ẹ lè wo nǹkan kẹ́ ẹ béèrè ohun tó jẹ́. Iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Ítálì àti Sípáníìṣì. Yorùbá ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n sì ti ṣí gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀, torí náà ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ta ló wúlò fún jù?

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí: ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹni tó gbọ́mọ dání. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa ló ń jàǹfààní ẹ̀ jù. Ó lè pe Be My Eyes, áàpù tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark, kí ẹni tó ń ríran gba inú kámẹ́rà wo iwájú rẹ̀, kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un.

Iná kékeré yẹn ńkọ́?

Bí awò yìí bá ń ya fọ́tò tàbí fídíò, iná funfun kan á tàn ní igun kejì. Bẹ́ ẹ bá fi nǹkan bo iná náà, ó yẹ kí kámẹ́rà kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, láti 2021 ni àwọn aláṣẹ ààbò dátà ní Ireland àti Ítálì ti ń béèrè bóyá iná yẹn tó kí èèyàn rí. Ní 2025, ìròyìn tún jáde pé àwọn kan ń gbowó láti pa á.

Ní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Harvard fi hàn pé tí wọ́n bá so awò yìí mọ́ ẹ̀rọ tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè mọ orúkọ àjèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú pópó.

Kí lòfin Nàìjíríà sọ?

Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí aráàlú àti ilé wọn. Òfin ààbò dátà ti 2023 fàyè gba ohun téèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíì mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ojú àwọn èèyàn ṣòwò kò lè sá sábẹ́ àyè yẹn.

Bó ṣe yẹ ká lò ó

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí. Ẹni tí ò mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun kò tíì gbà fún yín. Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Tó bá ní rárá, ó parí náà nìyẹn. Ẹ bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, báǹkì, ibi ìwẹ̀ tàbí ibi tọ́mọ ọlọ́mọ wà. Tó bá jẹ́ awò tí dókítà kọ fún yín lẹ ṣe sínú ẹ̀, ẹ máa mú awò lásán míì dání, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń wò náà, ẹ wo igun méjèèjì awò náà. Tẹ́ ẹ bá rí ihò róbótó, ẹ béèrè. Kò sí àfojúdi nínú kéèyàn béèrè bóyá wọ́n ń ká òun sílẹ̀.