Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Họ́ọ̀mù Tíátà: Bí Tíátà Ṣe Wọ Inú Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjọ́ tí mo so họ́ọ̀mù tíátà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wa ní Ẹdẹ ni òwe yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Àbúrò bàbá mi ló ra họ́ọ̀mù tíátà náà ní tòkúnbọ̀ fún bàbá àgbà mi. Bàbá fẹ́ràn fíìmù Yorùbá púpọ̀, ṣùgbọ́n etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí pé mo ń ṣe físíìsì ní SS2, èmi ni wọ́n ní kí n so ó. Ẹni tó lò ó kí ó tó dé ọwọ́ wa ti gé orí àwọn wáyà rẹ̀, kò sì sí àwọ̀ tí mo lè fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Mo ṣáà ki wọ́n bọ ihò tí mo rí. Nígbà tí mo tan fíìmù, gbogbo ilé mì tìtì. Inú mi dùn, àfi bí Bàbá ṣe mi orí, tí wọ́n sọ pé, "Mo ń gbọ́ ìlù, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn ní Ẹdẹ. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìn-ín-ní, tí wọ́n jọba láti 1946 títí di 1975, máa ń fi ọwọ́ ara wọn lu ìlù, wọ́n sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Lọ́dọ̀ wa, ìlù tó bá dún tí kò sọ̀rọ̀, ariwo lásán ni. Ojú tì mí. Bàbá ní kí n pa ẹ̀rọ náà, kí n jókòó, kí n gbọ́ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní 1935 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn èèyàn ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn, níbi tí Bàbá gbé nígbà èwe wọn. Wọn a fa wáyà láti orí òpó wọ inú ilé, wọn a sì so ó mọ́ àpótí kékeré kan tí sípíkà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Onílé á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Kò sí pé èèyàn ń yí i láti wá ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ti BBC ní Lọ́ńdọ̀nù wá. Nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, àwọn èèyàn wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Orúkọ yẹn kì í ṣe àwàdà lásán. Ní 1953, Gómìnà John Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bá ẹgbẹ́ Action Group wí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba náà ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n fi èsì dù ti ní ibi tí yóò ti máa sọ̀rọ̀. Bàbá ní ilé tí tẹlifíṣọ̀n wà kò wọ́pọ̀ nígbà náà; ojú fèrèsé onílé ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń wò ó.

Lórí pèpéle tíátà, èsì kò ṣòro rárá. Ní 1963, Dúró Ládípọ̀ gbé eré Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo, nítòsí wa níbí. Ìtàn Ṣàngó ni, Tìmì tó wá sí Ẹdẹ sì wà nínú rẹ̀. Ní 1964, wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní Jámánì. Bàbá ní nígbà tí àwọn wò ó, bí òṣèré bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, èrò ìwòran a dá a lóhùn.

Fídíò ló kó tíátà wá sínú pálọ̀. Ní 1976 ni àwọn ará Japan gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dára fún èmi àti ìwọ tí a fẹ́ jókòó sílé wòran, ṣùgbọ́n ó pa àwọn kan lára. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, náwó nára sórí fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín nílé, ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ń sunkún.

Lẹ́yìn ìtàn yìí ni mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Sípíkà kan ṣoṣo ni asọ̀rọ̀mágbèsì ní. Họ́ọ̀mù tíátà ní mẹ́fà, oníkálukú sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Méjì wà níwájú, lọ́tùn-ún àti lósì, fún orin àti ariwo eré. Méjì wà lẹ́yìn, fún ohun tó yẹ kó yí wa ká, bí òjò. Èyí tó tóbi jù ń gbé ohùn tó rinlẹ̀. Èyí tó wà láàárín ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, mo ń fi ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan kàn án díẹ̀ díẹ̀. Sípíkà tó bá dún "kẹ́", òun ló ni wáyà yẹn. Báyìí ni mo ṣe rí i pé ihò sípíkà ẹ̀yìn ni mo ki wáyà sípíkà àárín bọ̀. Mo tún un ṣe. Mo sì rí i dájú pé wáyà tó ní ìlà lára lọ sí ihò pupa nínú gbogbo wọn, nítorí bí ọ̀kan bá yí padà, bí èyí ṣe ń tì ni ìkejì yóò máa fà, ohùn ìlù yóò sì rọ.

Nígbà tí mo tún tan fíìmù náà, ọ̀rọ̀ jáde ketekete. Òṣèré kan ń parọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Bàbá nàka sí i, wọ́n ní, "Irọ́ lò ń pa!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Mo rí i pé láti 1935 títí di òní, wáyà kọ́ ló ṣòro láti so. Ohun tó ṣòro ni kí ọ̀rọ̀ dé etí ẹni tó yẹ, kí ẹni náà sì ní àyè láti fèsì. Ní ilé wa báyìí, bí Bàbá bá la ẹnu, èmi ni mo máa ń tètè mú rìmóòtù láti dá fíìmù dúró. Àkísà ìtàn tó wà lọ́wọ́ wọn pọ̀, n kò sì tíì gbọ́ ìdajì rẹ̀.