Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ẹ̀kọ́ Ayétòrò fún Ẹni Tí Ẹ̀rù Ìwé Kíkọ Ń Bà

Yorùbá ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ ìtàn ìlú wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni. Ìtàn Ayétòrò, ní etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi hàn pé èrò yìí léwu.

Ní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ apẹja, sá fún inúnibíni, wọ́n sì tẹ ìlú náà dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun. Wọ́n da iṣẹ́ àti owó wọn pọ̀, kò sí ẹni tó ń dá èrè tirẹ̀ jẹ. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà. Ní ọdún 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà ṣì ń tan àtùpà. Àwọn apẹja wọ̀nyí kò dúró de ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ní ti ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù lọ nípa Ayétòrò ni èyí tí Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé láti Kánádà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1977. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ohun tí àlejò rí kò lè dípò ohun tí onílé rántí.

Ìbẹ̀rù pé "n kò kàwé tó" kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Bí ọdún mẹ́fà péré ni Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, lò nílé ìwé. Ó ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà kan sí i, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti orílẹ̀-èdè. Tutuola kò sọ kálámù sílẹ̀. Ìwé mìíràn tún jáde ní ọdún 1954. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè mẹ́hẹ, ṣùgbọ́n ó mọ àlọ́ àwọn baba rẹ̀ dájú.

Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò. Ìjọba ti ṣe ìlérí odi tí yóò dá omi dúró, síbẹ̀ omi kò yéé wọ ìlú. Onímọ̀ ẹ̀rọ lè wọn ìgbì, ó sì lè ṣàlàyé ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ibi tí ilé baba kan wà kí omi tó bò ó, tàbí bí etíkun ṣe jìnnà tó nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ń rákò? Ẹni tó gbé ibẹ̀ ni. Kò pọn dandan kí ó ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀. Kí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ibi tó ti rí i, àti ọdún tó rí i. Ẹ̀rí ni èyí jẹ́, ní iwájú ìjọba àti ní iwájú àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Àwọn àgbà ní, "Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì." Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń retí ọ̀mọ̀wé tí yóò wá bá a kọ ìtàn ìlú rẹ̀. Kí ọ̀mọ̀wé náà tó dé, ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lè ti wà lábẹ́ omi.