Agbára Kọ́ Ló Ń Yọ Àbàwọ́n Ojú Gíláàsì

  

Ìbéèrè tó wà nínú ẹgbẹ́ wa láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ìtàn dáhùn. Ẹnì kan nínú wa ní gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù òun ti ní àmì funfun káàkiri, wọ́n fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ẹnì kan ní kó fi sáńpépà họ ọ́. Òmíràn ní kó ra ásíìdì. Mo ní ẹ dúró ná. Iṣẹ́ fèrèsé fífọ̀ ní ìtàn, àwọn tó sì ti ṣe é ṣáájú wa ti rí irú wàhálà yìí rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí gíláàsì fúnra rẹ̀. Iyanrìn ni. Wọ́n á po iyanrìn pọ̀ mọ́ òkúta ẹfun àti àwọn nǹkan mìíràn, wọ́n á yọ́ ọ nínú iná tó gbóná gan-an. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Abidemi Babalola, awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2017. Láàrin ọ̀rúndún 11 sí 15 ni wọ́n ń ṣe é, Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Wọ́n ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Gao, nílẹ̀ Mali. Ọwọ́ oníṣòwò ló gbé e débẹ̀, àwọn alájò bí i tiwa.

Òkúta ẹfun tí mo dárúkọ yẹn, ẹ dì í mú. Ó wà nínú gíláàsì. Ó wà nínú sìmẹ́ǹtì. Ó tún ti yòrò sínú omi borehole láwọn ibi kan. Ẹ̀yin ará Sókótó tẹ́ ẹ mọ Kalambaina, níbi tí wọ́n ti ń wà á fún sìmẹ́ǹtì, ẹ mọ̀ pé òun lẹ ń gbé lé lórí. Àmì funfun ojú fèrèsé, òun náà ni, bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Omi á gbẹ lọ, òkúta á kù síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òkúta lórí òkúta, ṣé ọṣẹ lẹ rò pé ó máa yọ ọ́?

Láyé àtijọ́, fèrèsé gíláàsì wọ́n, ó sì kéré. Láti 1696 ni ìjọba England ti ń gba owó orí lórí fèrèsé, àwọn kan tilẹ̀ ń fi bíríkì dí fèrèsé wọn kí owó lè dínkù. 1851 ni wọ́n tó fagi lé e. Nígbà tó di 1959, ilé-iṣẹ́ Pilkington ní England kéde ọgbọ́n tuntun kan tí Alastair Pilkington darí: wọ́n ń da gíláàsì yíyọ́ sórí tánganran yíyọ́, ohun kan náà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Jọ́ọ̀sì. Gíláàsì wá tẹ́jú pẹrẹsẹ láìsí pé wọ́n ń lọ ojú rẹ̀. Látìgbà náà ni gíláàsì fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ níwájú ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí gíláàsì bá sì ti pọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ fífọ̀ wà.

Ní London ti ìgbà yẹn, èédú ni wọ́n ń dá iná. Ní December 1952, èéfín bo ìlú náà fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú. Ní 1956 ni wọ́n ṣe òfin láti dín èéfín kù. Àwọn afọfèrèsé tiwọn ń gbé àkàbà, garawa àti awọ ẹran kiri. Èéfín èédú ní ọ̀rá nínú. Tẹ́ ẹ bá fi omi lásán nu ún, ṣe lẹ kàn ń fi kun gíláàsì.

Ẹni tó wá tún iṣẹ́ yìí ṣe, àlejò ìlú bí i tiwa ni. Ettore Steccone, ọmọ ilẹ̀ Italy, kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń fọ fèrèsé jẹun ní Oakland, California. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, Chicago squeegee ni wọ́n ń pè é. Ẹ mọ squeegee, òun ni wáípà ọlọ́wọ́ tí rọ́bà wà létí rẹ̀, tí wọ́n fi ń wọ́ omi kúrò lójú gíláàsì. Ti Chicago yẹn, irin ni, ó wúwo, síkúrù 12 lèèyàn máa tú kó tó lè pààrọ̀ rọ́bà. Ní 1936, Steccone fi idẹ ṣe tirẹ̀, ó fúyẹ́, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló fi sí i. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí omi gbẹ sórí gíláàsì. Àkísà máa ń pín omi ìdọ̀tí káàkiri ni.

Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé e síwájú. Wọ́n ní bó bá jẹ́ omi ló ń fi òkúta sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ òkúta inú omi. Wọ́n á sẹ́ omi gba inú asẹ́ tí òkúta tó yòrò ò lè kọjá, wọ́n á fà á gba inú ọ̀pá gígùn tó ní búrọ́ọ̀ṣì lórí. Ilẹ̀ ni òṣìṣẹ́ dúró sí. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kò sí àmì. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Britain ní 2005 sì ní kí wọ́n yẹra fún iṣẹ́ orí òkè níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ìyẹn jẹ́ kí ọ̀nà yìí gbilẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sọ́dọ̀ ara wa. Mẹ́ta ni àbàwọ́n tó ń yọ wá lẹ́nu.

Àkọ́kọ́, eruku ọyẹ́. Púpọ̀ rẹ̀ ń ti Bodélé wá nílẹ̀ Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ. Iyanrìn wà nínú rẹ̀, iyanrìn sì le ju gíláàsì lọ. Ẹni tó bá mú àkísà gbígbẹ nu ún, sáńpépà ló ń fi nu ún yẹn. Omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sí i.

Èkejì, èéfín. Ẹ̀yin ará Pọtakọ́tù, láti ìparí 2016 lẹ ti ń pariwo èéfín dúdú tí wọ́n so mọ́ epo rọ̀bì tí wọ́n ń sè láìgbàṣẹ. Àwa tó kù ń rí ti jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rá ni, bíi ti London. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ló gbà.

Ẹ̀kẹta ni òkúta omi, èyí tí wọ́n bèèrè. Fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń yọ́ ọ. Ẹ rẹ àkísà sínú rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àmì náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rọra fi kànìnkànìn rírọ̀ bó o, ẹ fi omi ṣàn án, kẹ́ ẹ sì nu ún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó kan mábù. Bó bá ti pẹ́ jù, omi á ti jẹ ojú gíláàsì fúnra rẹ̀. Ìyẹn ti kúrò ní fífọ̀, ó di kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ìyẹ̀fun cerium oxide dán an.

Bíléèdì ńkọ́? Wọ́n ń lò ó fún ọ̀dà àti sìmẹ́ǹtì, àmọ́ ojú gíláàsì gbọ́dọ̀ tutù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tì í sí. Gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, àti èyí tó ń dán bíi dígí, ẹ má fi kàn wọ́n. Ó lè dá àpá sí wọn lára.

Ní ti ásíìdì, ẹ má ra èyí tí kò lórúkọ lára ike. Hydrofluoric acid lè wà nínú rẹ̀. Ní 1771, Carl Wilhelm Scheele ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní Sweden, ó rí i pé ó ń jẹ ìgò tóun fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá kan ara, ó lè má ta èèyàn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ á wọ inú lọ bá eegun.

Ìdí tí mo fi fa ọ̀rọ̀ gùn nìyí: àwọn ọmọ wa kan ń gba iṣẹ́ yìí lórí ilé alájà nílùú onílùú. Bí wọ́n bá dá àpá sí gíláàsì kan, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lè bá a lọ, orúkọ gbogbo wa á tún bà jẹ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n dán an wò ní igun kan, kí onílé rí i kó gbà. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko.

Ẹni tí tirẹ̀ ò bá lọ, kó gbé fọ́tò rẹ̀ wá síbí, kó sì sọ irú omi tó fi ń fọ̀ ọ́.