Ta Ni Yóò Ta Àná Fún Wa?

Bí ẹ bá rí onífọ́tò lórí alùpùpù, tó fi fóòmù tẹ́ inú àpótí kámẹ́rà rẹ̀, tó tún fi ọ̀rá wé e nítorí eruku àti òjò, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Frank Hurley, onífọ́tò ará Ọsirélíà, kò gun alùpùpù lọ síbi tó lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní 1914, ó bá Ernest Shackleton wọ ọkọ̀ ojú omi Endurance lọ sí Áńtákítíkà, ilẹ̀ yìnyín. Ní oṣù kìíní ọdún 1915, yìnyín há ọkọ̀ náà mọ́, ó sì ń fún un títí ó fi fọ́. Orí dígí ni Hurley ń ya fọ́tò sí. Ó ti kó àwọn dígí náà sínú agolo, ó fi òjé lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Nígbà tí omi bo ibi tí wọ́n wà, ó bọ́ṣọ, ó kó sómi tútù nini, ó kó wọn jáde.

Àmọ́ ẹrù ti wúwo jù. Òun àti Shackleton jókòó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú nǹkan bí 120. Wọ́n fọ́ nǹkan bí 400 mọ́lẹ̀, kí ọkàn má bàa tún fà sí i. Kámẹ́rà kékeré kan péré ló kù.

Ní 30 oṣù kẹjọ ọdún 1916, ọkọ̀ wá kó wọn. Àwòrán náà yè, a sì ń wò ó dòní.

A lè fowó ra kámẹ́rà mìíràn. Ta ni yóò ta àná fún wa?